Ìṣó Abẹ́ Ahọ́n

Ẹ̀jẹ̀ ti kán sórí aṣọ àga náà kí Kékeré tó mọ̀ pé imú òun ló ti ń wá. Aṣọ funfun ni, oníbàárà fúnra rẹ̀ ló lọ rà á wá, ó sì ti kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fi ọwọ́ àìfọ̀ kàn án. Kékeré gbé orí sókè, ó fún imú pọ̀. Ìṣó kún abẹ́ ahọ́n rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbé ọ̀kankan mì. Ó ń tu wọ́n sí àtẹ́lẹwọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀jẹ̀ sì ń bá wọn jáde, nígbà tí ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ ọ̀sán wọ ṣọ́ọ̀bù wá.

Ìyàwó kò pariwo. Ó gbé oúnjẹ kalẹ̀, ó tú ìborí rẹ̀, ó nà án sí i pé kó fi nu imú.

"Ẹ̀ẹ̀kejì nìyí lóṣù yìí," ni ó wí. "Ẹ dìde. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ yín wò, kí n tó di opó tó ń fọ aṣọ oníbàárà."

Bàbá Tìmùtìmù ni gbogbo àdúgbò ń pe bàbá rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, nítorí kò sí àga tó ti dẹ̀ tí kò lè sọ di ọ̀tun. Ọmọ wá di Tìmùtìmù Kékeré. Nígbà tó yá, wọ́n gé e kù sí Kékeré. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún báyìí, ó ti gbéyàwó, orúkọ náà kò sì bọ́ lára rẹ̀. Oníṣẹ́ àga kò ní ọwọ́ kẹta. Ọwọ́ kan ń fa aṣọ, èkejì di òòlù mú, ẹnu ló ń tọ́jú ìṣó. Ohun àkọ́kọ́ tí bàbá rẹ̀ kọ́ ọ nìyẹn. Bàbá lè kó ìṣó sábẹ́ ahọ́n, kó máa bá oníbàárà ṣàríyànjiyàn, kó rẹ́rìn-ín, kó tún mu omi lé e, ẹni tí wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ kò ní mọ̀ pé nǹkan kan wà lẹ́nu rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí ìṣó kì í jẹ́ kí èèyàn ṣe ni kó súfèé. Nítorí náà, bí Bàbá bá ti súfèé, orin kúkúrú kan tó máa ń lọ sókè tí á sì já lójijì bí ẹni tó rántí ohun tó gbàgbé, àwọn ará ilé á mọ̀ pé ìṣó ìkẹyìn ti wọlé. Àga ti parí.

Láti ọjọ́ tí rọpárọsẹ̀ ti dá Bàbá wó láàárọ̀ ọjọ́ kan ní pálọ̀, nínú àga tirẹ̀, kò sẹ́ni tó tún gbọ́ orin náà. Kékeré kì í súfèé. Bó bá parí àga, á kàn fi òòlù sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ ẹ́ wò jẹ́ obìnrin àgbà tí ohùn rẹ̀ rọ̀. Ó di ọ̀já mọ́ ọn lápá, ó fẹ́ ẹ, ó wo ẹ̀rọ, ó tú u. Ó ní kó jókòó jẹ́ẹ́, kó má sọ̀rọ̀, kó má ronú gbèsè. Ó tún dì í. Nígbà tó wo ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó béèrè bóyá orí ń fọ́ ọ. Kékeré ní ó máa ń fọ́ òun lẹ́yìn ọrùn, láàárọ̀. Ó béèrè ohun tó máa ń mu níbi iṣẹ́, Kékeré sì dárúkọ àwọn ọtí inú agolo tí kì í jẹ́ kí oorun kunni. Ó wá béèrè bàbá rẹ̀.

"Ó ti kú, mà. Ó ṣubú ni."

"Àbúrò, àgbàlagbà kì í ṣubú lásán. Kí ló gbé e ṣubú?"

Ìyàwó rẹ̀ ló bá a dáhùn pé rọpárọsẹ̀ ni. Nọ́ọ̀sì mi orí, ó ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, kì í sì í ṣe lónìí ló bẹ̀rẹ̀. Kékeré fẹ́ fi ṣe ẹ̀rín, ó ní òun rò pé àìsàn àwọn àgbà ni.

"Ẹ̀jẹ̀ kì í béèrè ọjọ́ orí," ni nọ́ọ̀sì dá a lóhùn. Ó ní kó dín iyọ̀ kù, kó fi àwọn ọtí inú agolo sílẹ̀, kó máa rìn, kó máa sùn. Dókítà sì kọ oògùn fún un, hóró kan láràárọ̀. Kékeré béèrè ìgbà tí òun yóò lò ó dé. Nọ́ọ̀sì ní kó máa lò ó títí àwọn yóò fi sọ pé ó tó, òun kò sì rò pé àwọn yóò sọ bẹ́ẹ̀ láìpẹ́.

Nígbà tí wọ́n délé, Ìyá rẹ̀ ń fẹ́ iná. Ó ń fẹ́ ẹ títí ó fi gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán. Ìgbà tí ìyàwó gbé ìgò oògùn sórí tábìlì ló tó dìde, ó fà sẹ́yìn bí ẹni tó rí ejò.

"Òun náà nìyẹn," ni ó wí. "Irú rẹ̀ gan-an ni. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ń fún bàbá rẹ. Láràárọ̀, pẹ̀lú omi. Mi ò fo ọjọ́ kan. Lọ́jọ́ tó ṣubú, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ife lọ́wọ́ rẹ̀ ni."

Ìyàwó rọra sọ pé kì í ṣe oògùn ló pa Bàbá. Ìyá kò bínú sí i. Ó ní kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀, òun kàn ń sọ ohun tí ojú òun rí ni. Láti ọjọ́ náà, kò fọwọ́ kan ìgò náà rí. Bó bá fẹ́ nu tábìlì, á nu yí i ká.

Iyọ̀ wá di ìjà tí kò ní ariwo nínú ilé. Ìyàwó dín in kù nínú ọbẹ̀, Ìyá á dúró dìgbà tí ìyàwó bá yíjú, á fọ́n díẹ̀ sínú àwo ọmọ rẹ̀, á ní kó jẹun bí ọkùnrin. Kékeré á jẹ ẹ́. Kò fẹ́ kí inú ẹnikẹ́ni bàjẹ́ nínú àwọn méjèèjì.

Nítorí pé nọ́ọ̀sì ní kó máa sinmi kó tó jáde láàárọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sínú àga Bàbá ní pálọ̀. Kò sẹ́ni tó ti jókòó síbẹ̀ látọjọ́ ìṣẹ̀lẹ̀ náà. Fóòmù rẹ̀ ti jìn níbi ìdí, ó ti jìn níbi ìgbọ̀nwọ́, epo orí Bàbá sì ti dá àbàwọ́n sára ẹ̀yìn àga. Kékeré fara lé e, ó rí i pé gbogbo ojú kòtò náà bá òun mu rẹ́gí. Ìdí òun bọ́ síbi ìdí. Orí òun kan ibi àbàwọ́n. Ó ń ṣe é bíi pé ẹnì kan ti gbẹ́ àyè náà sílẹ̀ dè é láti ìgbà pípẹ́. Ìyá yọ lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ náà, ó rí ẹ̀yìn orí rẹ̀, ó dúró.

"Ìwọ ni?" ni ó béèrè, bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ òun. Nígbà tí Kékeré bojú wẹ̀yìn, ó ti padà lọ.

Ibẹ̀ náà ni ìyàwó ti máa ń gbé oògùn àti omi fún un. Á gbà á, á sọ ọ́ sẹ́nu, á mu omi tán, á dúpẹ́. Ìyàwó á mú ife lọ. Kékeré á wá yọ hóró náà lábẹ́ ahọ́n, níbi tí ìṣó ń gbé, á tì í wọ àárín ìjókòó àti apá àga. Kì í ṣe pé ó fẹ́ kú. Bó bá ti fẹ́ gbé e mì ló máa ń rí Bàbá pẹ̀lú ife lọ́wọ́, á wá rò ó pé lọ́jọ́ tí òun bá gba oògùn náà láyè lọ́nà ọ̀fun òun, òun ti gba ìyókù náà nìyẹn: àga, ìṣubú, ẹnu tó wọ́ sápá kan. Ó ń rìn bí wọ́n ṣe ní kó rìn. Ó ti fi ọtí inú agolo sílẹ̀. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ìyẹn náà tó.

Kò tó. Nígbà tí wọ́n padà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, ẹ̀jẹ̀ náà ti ròkè sí i. Nọ́ọ̀sì wojú rẹ̀.

"Ṣé ò ń lò ó?"

"Mò ń lò ó, mà."

"Mo máa ń gbé e fún un fúnra mi," ni ìyàwó rẹ̀ fi kún un. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìdánilójú, bí ẹni tó fi orí ara rẹ̀ dúró fún ẹlòmíràn.

Nọ́ọ̀sì ní tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, oògùn náà kò ràn án nìyẹn, àwọn yóò sọ fún dókítà kó kọ èyí tó le jù ú lọ. Kékeré gba ìwé oògùn tuntun náà. Lójú ọ̀nà, ìyàwó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní kó má bẹ̀rù, oògùn yóò bá a mu lọ́jọ́ kan. Ohun tó dun Kékeré jù nìyẹn. Ohùn Ìyá rẹ̀ ló gbọ́ lẹ́nu ìyàwó rẹ̀, bí Ìyá ṣe máa ń sọ fún Bàbá gan-an.

Ìyàwó wá sọ pé òun fẹ́ yọ aṣọ àga Bàbá fọ̀ kí èyí tó le náà tó bẹ̀rẹ̀. Kékeré ní kó fi sílẹ̀, òun fúnra òun yóò tún un ṣe. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó gbé àga náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ète rẹ̀ ni pé kí ó kó àwọn hóró rẹ̀ jáde kí ẹnikẹ́ni tó rí wọn. Ó dojú àga délẹ̀, ó fi ẹ̀mú yọ ìṣó, ó sì ká aṣọ ìdí rẹ̀ kúrò.

Tirẹ̀ ló kọ́kọ́ já bọ́, funfun, wọ́n fò kiri ilẹ̀. Ó ń ṣà wọ́n nígbà tí àwọn yòókù tẹ̀ lé e.

Àwọn yòókù kì í ṣe tirẹ̀. Wọ́n ti pọ́n bí eyín arúgbó. Àwọn mìíràn ti lẹ̀ mọ́ ara sípíríǹgì, àwọn mìíràn ti di ìyẹ̀fun nínú fóòmù. Bó ṣe ń fa fóòmù náà ni wọ́n ń tú jáde. Ojú ibì kan náà ni gbogbo wọn wà, lápá ọ̀tún, níbi tí ìka rẹ̀ náà máa ń lọ. Kò sẹ́ni tó fi ibẹ̀ hàn án rí.

Kékeré jókòó sórí ilẹ̀. Gbogbo ọ̀nà ni ìka òun ti tẹ̀ lé ìka Bàbá, òun kò sì mọ̀.

Bàbá ní òfin kan nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Òun a máa sọ pé, "Àga kì í jẹun. Ohun tó bá gbé mì, ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀." Kí ó jẹ́ yẹtí ni o, kí ó jẹ́ bọ́tìnnì, inú agolo ni wọ́n ń kó o sí, àga àti agolo ló sì ń jọ padà sílé oníbàárà. Kékeré ro ìgbẹ́ tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ó rọrùn láti da gbogbo rẹ̀ síbẹ̀. Ó wo agolo lórí pẹpẹ. Ó nawọ́ mú un.

Ó fi fóòmù tuntun sí àga náà, ó wọ aṣọ tuntun fún un. Nígbà tó parí, kòtò Bàbá ti lọ. Ó gbé e délé, ó gbé agolo lé orí ìjókòó, ó pe Ìyá rẹ̀.

Ìyá mọ òfin náà. Ó rí agolo, ó rẹ́rìn-ín. "Yẹtí mi nìyẹn. Mo sọ fún bàbá rẹ pé inú àga ló wà, ó ní mò ń ṣépè fún iṣẹ́ òun." Ó ṣí i.

Kékeré sọ ohun tó jẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀. Kò gbìyànjú láti wí àwíjàre. Ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, kò sì wọlé.

Ìyá da gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì. Ó ń fi ìka ya àwọn tó pọ́n sọ́tọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, àwọn tó funfun sí èkejì, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà. Ẹ̀gbẹ́ àwọn tó pọ́n ga ju èkejì lọ.

"Ó máa ń yìn mí," ni ó wí nígbẹ̀yìn. "Á ní omi mi tutù." Ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Mo ti ń wo ọwọ́ mi yìí látọjọ́ náà, Kékeré. Mo ń wò ó bí ọwọ́ apànìyàn. Bàbá rẹ sì ń ti oògùn wọ inú àga."

"Ẹ má bínú, mà."

"Ta ni mo fẹ́ bínú sí? Èyí tó ti lọ, àbí èyí tó fẹ́ tẹ̀ lé e?"

Ó dìde. Ó lọ síbi tábìlì kejì, níbi tí ìgò tuntun tí dókítà kọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò àtijọ́ tí kò fọwọ́ kàn rí. Ó gbé èyí tuntun náà. Kékeré yára sọ fún un pé kì í ṣe èyí tó le náà ló yẹ òun, òun yóò padà lọ sọ òótọ́ fún nọ́ọ̀sì. Ìyá gbé e sílẹ̀, ó mú ìgò àtijọ́, ó gbọn hóró kan jáde. Ó bu omi fúnra rẹ̀. Ó dúró lé e lórí bí ó ṣe máa ń dúró nígbà tí Kékeré wà lọ́mọdé.

Kékeré gbé e mì. Ó gbọ́ ọ bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Ó la ẹnu, ó gbé ahọ́n sókè kó lè rí i.

Ìyá kò wò ó.

"Ìyàwó oníṣẹ́ àga ni mí," ni ó wí. "Bàbá rẹ kì í súfèé láàárọ̀ tó bá ti lo oògùn. Mo máa ń rò pé àìsàn ló fà á." Ó jókòó sórí àga tuntun náà, ó di apá rẹ̀ mú. "Súfèé, kí n gbọ́."

Ètè Kékeré gbẹ. Àkọ́kọ́ kò dún, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Ó fi ahọ́n lá ètè, ó tún gbìyànjú, orin kúkúrú náà sì gòkè nínú pálọ̀, ó já lójijì. Ní ilé ìdáná, ìyàwó rẹ̀ gbé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ìyá ti dijú.

"Lẹ́ẹ̀kan sí i," ni ó wí.