Jíìpù Tó Ga Ju Àna Lọ

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wèrè ṣe ń bẹ̀rẹ̀, kó lọ wo ọkùnrin tó ti lé ní ogójì ọdún tó dùbúlẹ̀ sábẹ́ mọ́tò, tó ń dá rẹ́rìn-ín. Bí Roqeeb ṣe wà nìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, lábẹ́ afárá rélùwéè ní Peckham, ní London, níbi tí òun àti Jonathan, òyìnbó ọ̀rẹ́ rẹ̀, ti sọ jíìpù ilé di ohun mìíràn. Jíìpù yìí kì í ṣe jíìpù eré tẹ́lẹ̀ o. Òun ló ń kó àpò ìrẹsì bọ̀ láti Rye Lane, òun ló ń gbé Yusrah ọmọ rẹ̀ lọ sílé kéwú, òun náà ló ń gbé Àlhájà, ìyá Hàlímọ̀tù ìyàwó rẹ̀, lọ kí Jímọ̀.

Jímọ̀ yìí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Orúnkún Àlhájà ti kọṣẹ́. Láti ìgbà tí òtútù ti dé, ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ń yọjú síta lọ́sẹ̀. Abdulbasit, ẹ̀gbọ́n Hàlímọ̀tù tó ń gbé ní Brockley, sì ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé kí Màmá máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun: ilé òun kò ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, mọ́ṣáláṣí ò sì jìnnà. Hàlímọ̀tù ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí.

"Níwọ̀n ìgbà tí mo bá ṣì ń gbé wọn jáde," ló sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù, "ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé. Ọjọ́ tí wọ́n bá pa Jímọ̀ jẹ nítorí tèmi, kí o wá kó wọn."

Ẹ má bi í pé kí ló dé tó fi le tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí bàbá wọn kú, ilẹ̀ tó fi sílẹ̀ ni wọ́n tà kí Abdulbasit lè lọ sí yunifásítì. Wọ́n ní obìnrin ni Hàlímọ̀tù, ọkọ rẹ̀ á bá a wá tirẹ̀. Ìyá nìkan ni ogún tí Hàlímọ̀tù bù fún ara rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni Roqeeb wa jíìpù náà dé ẹnu ọ̀nà. Ó fọn fèrè. Hàlímọ̀tù jáde, ó sì dúró sójú kan. Sípíríǹgì tuntun ti gbé ọkọ̀ náà sókè bí ẹni tó gun orí àga. Táyà rẹ̀ ní eyín gbágungbàgun. Irin ńlá dábùú imú rẹ̀, ọ̀pá ìmí kan sì gùn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì bí ọwọ́jà erin, kó má baà mu omi yó nínú odò.

Aunty Ìbídùn, aládùúgbò wọn, ti yọ orí lójú fèrèsé. Ẹnu ìyẹn kì í gbélé.

"Bàbá Yusrah, ṣé kò sí? Àbí igbó Sambisa lẹ ń lọ?"

"Wales ni o, Aunty! Òkè, òkúta, ẹrẹ̀, odò. Off-road ni wọ́n ń pè é."

"Ẹrẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ sá fún ẹrẹ̀ ní Ìkirè! Ẹ wá ń wá a kiri níbí, pẹ̀lú epo tó wọ́n yìí? Jésù!"

Roqeeb rẹ́rìn-ín. Hàlímọ̀tù ò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀.

"Irin tí Màmá máa ń tẹ̀ gòkè dà?"

"Mo ti yọ ọ́. Òkúta á máa gbá a."

"Òkúta wo? Òkúta wo ló wà ní Peckham Rye?"

"Òkúta Wales ni mò ń sọ."

"Wales ni ìyá mi ti ń kírun ni?"

"Hàlímọ̀, wàhálà ẹ pọ̀. Màmá ò wúwo. A ó ràn wọ́n lọ́wọ́, wọ́n á gòkè. Ṣé gbogbo ìgbà ni mo máa fi mọ́tò yìí ru ẹrù fún yín? Ẹ jẹ́ kí n ní nǹkan kan tó jẹ́ tèmi."

Ọ̀rọ̀ yìí dún bí ọ̀rọ̀ gidi létí Hàlímọ̀tù. Ó wọlé lọ.

Lọ́jọ́ kejì, tó jẹ́ Jímọ̀, Hàlímọ̀tù ò tètè rí ọ̀nà kúrò níbi iṣẹ́. Nígbà tó fi dé láti Lewisham, àsìkò ti fún. Àlhájà ti dúró síta, wọ́n wọ aṣọ funfun báláú, ìborùn wọn wà lórí. Wọ́n gbójú sókè wo ilẹ̀kùn jíìpù.

"Èyí ga o," ni wọ́n wí jẹ́ẹ́.

Wọ́n gbé ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ ò dé ibẹ̀. Hàlímọ̀tù fi èjìká tì wọ́n lẹ́yìn, orúnkún yẹ̀, wọ́n sì gbá ilẹ̀kùn mú kí wọ́n má baà ṣubú. Roqeeb dúró lódì kejì, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, kò súnmọ́ wọn. Bó ṣe mọ ìwà hù tó nìyẹn: láti ọjọ́ ìdána, ìdọ̀bálẹ̀ ló fi ń kí àna rẹ̀, kì í tilẹ̀ bá wọn jókòó lórí àga kan náà. Lókèèrè, òṣìṣẹ́ káńsù tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì owó ìtanràn fún ọkọ̀ ti ń bọ̀, ẹsẹ̀ jíìpù sì wà lórí ìlà tí wọ́n ní kí ọkọ̀ má dúró lé.

"Ẹ jẹ́ kí n padà sílé," Àlhájà wí. "Ọlọ́run rí mi."

Hàlímọ̀tù mọ ohun tó máa tẹ̀ lé e. Tí wọ́n bá padà sílé báyìí, Abdulbasit á gbọ́ kí alẹ́ tó lẹ́.

"Ẹ ò padà síbì kankan! Roqeeb, kí lò ń wò?"

Roqeeb wo ojú rẹ̀. "Hàlímọ̀... àna mi ni wọ́n."

"Mo ní gbé wọn! Gbé wọn jàre, ká máa lọ!"

Ó bá yí wá. Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá Àlhájà, ó gbé wọn sókè bí ẹni gbé àpò gàrí sẹ́yìn ọkọ̀. Ìborùn há mọ́ ilẹ̀kùn, ó já bọ́ sílẹ̀, orí Àlhájà sì ṣí sílẹ̀ gbayawu lójú títì, irun funfun díẹ̀ tí Roqeeb ò rí rí. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín ní ibùdó bọ́ọ̀sì. Hàlímọ̀tù ṣa ìborùn, ó gbọn eruku rẹ̀, ó nà án sí wọn. Wọ́n gbà á. Wọ́n kọjú sí fèrèsé títí tí wọ́n fi dé mọ́ṣáláṣí.

Níbẹ̀, àwọn obìnrin ló sọ̀ wọ́n kalẹ̀. Nígbà tí ìrun parí, Hàlímọ̀tù wá wọn títí, kò rí wọn. Abdulbasit ti fi ọkọ̀ rẹ̀ kékeré gbé wọn lọ. Àlhájà fúnra wọn ló ní kí wọ́n pè é.

Ẹnu Hàlímọ̀tù pọ̀ nílé lọ́jọ́ náà. Ó bú jíìpù, ó bú Wales, ó bú ìyá tó bí Jonathan. Ó bú Roqeeb títí ìyẹn fi búra pé lọ́la òun á dá gbogbo rẹ̀ padà sí bó ṣe wà. Bọ́ọ̀sì ni tọkọtaya náà wọ̀ lọ sí Brockley ní ìrọ̀lẹ́.

Roqeeb dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì. "Màmá, ẹ fojú fo ẹ̀ṣẹ̀ mi dá."

"Ẹ dìde, Bàbá Yusrah. Mi ò bínú sí yín."

Hàlímọ̀tù mí kanlẹ̀. "Ẹ ṣé, Màmá. Ẹ jẹ́ ká máa lọ nígbà náà. Lọ́la ló máa sọ mọ́tò yẹn kalẹ̀."

"Ṣé mọ́tò ló ní kí ọkọ rẹ gbé mi?"

Hàlímọ̀tù gbójú sókè wò wọ́n.

"Ọkọ rẹ dúró," Àlhájà wí, ohùn wọn ò sì ròkè. "Ojú ń tì í. Ó pè mí ní àna rẹ̀, mo gbọ́. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ohùn ọmọ tí mo bí. Ohùn tí wọ́n fi ń pe alábàárù ni."

"Màmá, ẹ̀rù ló bà mí. Mi ò fẹ́ kí ẹ pa Jímọ̀ jẹ..."

"Mo mọ̀. Ẹ̀rù pé ẹ̀gbọ́n rẹ á borí rẹ." Wọ́n fa ìborùn wọn bo etí. "Tí o bá ń bọ̀, bá mi kó aṣọ òtútù mi, àti oògùn orúnkún mi. Máa pè kí o tó wá."

Abdulbasit ò yọ̀, kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn dìde lọ ṣílẹ̀kùn fún wọn, bí wọ́n ṣe ń ṣílẹ̀kùn fún àlejò.