Aṣọ Ìgbafẹ́ Etí Òkun

Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbòmíràn, ṣùgbọ́n nínú ṣọ́ọ̀bù tèmi, aṣọ kì í jáde láìní lébẹ̀lì mi lọ́rùn. Lébẹ̀lì náà kéré, ó funfun, orúkọ ṣọ́ọ̀bù àti àdírẹ́sì ló wà lára rẹ̀. Ọkọ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí mo bá rán ìnujú lásán, màá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ó rẹ́rìn-ín títí, kò mọ̀ pé òun ni lébẹ̀lì náà máa tú láṣìírí. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí ẹ má baà rò pé ìkà ni mí. Bí ẹ bá sì gbọ́ ọ tán tí ẹ ṣì rò bẹ́ẹ̀, ó kù sọ́wọ́ yín.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti fẹ́ ọkùnrin yìí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tún ẹ̀rọ agbéniròkè ṣe, àpótí onírin tó ń gbé èèyàn gòkè nínú ilé gogoro. Òtẹ́ẹ̀lì ló pọ̀ jù nínú oníbàárà ilé-iṣẹ́ wọn, nítorí náà bí wọ́n bá ti rán an níṣẹ́ lọ sí ìlú ńlá kan, èmi náà á di báàgì mi. Á tún ẹ̀rọ ṣe láàárọ̀ Ẹtì, nígbà tó bá fi máa di ọ̀sán, a ti di àlejò. A rìn títí. A rí ìlú tí ọkọ̀ ojú irin ń gba abẹ́ ilẹ̀ kọjá, a rí ìlú tí afárá rẹ̀ gùn débi pé mo sùn, mo jí, a ò tíì sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n etí òkun ni mo fẹ́ràn jù. Màá ti ẹsẹ̀ bọ iyanrìn, màá máa wo aṣọ ara àwọn tó ń kọjá, màá ní, “Bàbá wọn, ẹ wo tọ̀hún, ẹni tó rán an kò wọn ìdí rẹ̀.” Á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Inú mi dùn nígbà náà, mi ò ní parọ́.

Ọdún kẹjọ rèé tí gbogbo rẹ̀ dópin. Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, ó ní ó ga díẹ̀, kí n máa lo oògùn, kí n dín iyọ̀ kù. Ohun tí dókítà sọ kò ju ìyẹn lọ. Ọkọ mi ló bu tirẹ̀ mọ́ ọn. Ó ní òun ti bi àwọn tó mọ̀ léèrè, pé atẹ́gùn òkun àti ìrìn àjò gígùn kò bá ẹlẹ́jẹ̀ ríru mu. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Ìyá wọn, mi ò lè jókòó sétí òkun kí n máa wò ọ́ bí o ṣe ń kú lọ.” Mo gbà. Mo tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, èmi òmùgọ̀. Láti ìgbà yẹn ló ti ń dá lọ, bó bá sì dé, á ní iṣẹ́ ló pa òun kú, òun ò fojú kan òkun.

Obìnrin kan tí mo máa ń pè ní Tíṣà kọ́kọ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ọmọ ogójì ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, ohùn rẹ̀ tutù, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì yí padà rí. Ó ní òun rí lébẹ̀lì mi lọ́rùn kóòtù ẹnì kan tí òun mọ̀, ìránṣọ rẹ̀ wu òun, òun bá wá àdírẹ́sì náà wá. Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni o, kí wọ́n má baà ní òun ń yẹ ọ̀rùn aṣọ olólùfẹ́ òun wò. A jọ rẹ́rìn-ín. Mi ò bi í pé kóòtù ta ni, torí kóòtù tí mo ti rán kò níye.

Aṣọ ìgbafẹ́ ló máa ń gbé wá. Gáùn tí atẹ́gùn lè fẹ́ létí òkun, gáùn tó lè wọ̀ jẹun nílùú ńlá. Bí mo bá ń wọ̀n ọ́n, á máa sọ ibi tí wọ́n ti lọ fún mi, èmi tí wọ́n ti fòfin de òkun fún, màá máa fi etí jẹun. Ó sọ fún mi pé opó ni ọkùnrin tí wọ́n jọ ń lọ, ìyàwó rẹ̀ ti kú lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn, àwọn ọmọ ò sì tíì gbà kó mú obìnrin mìíràn wálé.

“Ó mà ṣe o,” mo ní. “Kí ló pa á?”

“Ẹ̀jẹ̀ ríru ni, Màmá.”

“Kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un,” ni mo wí, tépù lọ́wọ́ mi. “Ìyà tó ń jẹ èmi náà nìyẹn. Ẹ bá mi tọ́jú ọkùnrin náà dáadáa. Ọkùnrin tó bá ṣọ̀fọ̀ ìyàwó tó báyẹn, èèyàn gidi ni.”

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe àdúrà ìsìnkú ara mi, tí mo sì fi ẹnu ara mi fa ọkọ mi lé e lọ́wọ́.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni ti ọkọ mi. Tíṣà mú fóònù jáde kó fi hàn mí bí gáùn búlúù tí mo rán fún un ṣe jókòó sára. Ó dúró sórí iyanrìn, ó ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọkùnrin kan kẹ̀yìn sí wa, ó ń wo omi. Mi ò rí ojú rẹ̀, mi ò sì nílò rẹ̀. Lábẹ́ apá òsì kóòtù náà ni mo rí àbùlẹ̀ kan tí àwọ̀ rẹ̀ fi díẹ̀ dúdú ju ìyókù lọ. Èmi ni mo lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, lọ́jọ́ tí irin ẹ̀rọ ya kóòtù ọkọ mi, tí mo wá irú aṣọ náà káàkiri tí mi ò rí i. Èèyàn lè ṣi ojú ọkọ rẹ̀ mọ̀ lókèèrè. Kò sí aránṣọ tó ń ṣi àbùlẹ̀ ọwọ́ ara rẹ̀ mọ̀.

“Ó dára,” ni mo sọ. “Ó wà lára yín dáadáa.” Nígbà tó lọ tán, mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo jókòó sílẹ̀ láàárín àjákù aṣọ, ẹ̀jẹ̀ tí ọkọ mi ní ó pa mí yẹn sì ń hó lára mi. Kì í ṣe obìnrin tó ní ló dùn mí jù. Ọkùnrin tó bá lálè, a ti gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n kó pa mí! Kó fi àìsàn tí mo ń lo oògùn sí pa mí, kó lọ máa gba ẹ kú ara fẹ́raku kiri òtẹ́ẹ̀lì, kó sì padà wálé wá jẹ oúnjẹ òkú! Mo búra lórí máṣìnnì mi pé màá jí, ojú gbogbo ayé ni màá sì ti jí.

Mi ò sọ nǹkan kan nílé. Mo bu oúnjẹ fún un, mo bi í léèrè iṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló fi orí ara rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Ó ní ilé-iṣẹ́ fẹ́ ṣe àsè ọ̀sán fún àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ní òtẹ́ẹ̀lì kan létí òkun, lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀.

“Ìyá wọn, bá mi rán kóòtù àti ṣòkòtò tó máa mú ojú wọn fọ́. Wọn ò pe ìyàwó, bí wọ́n bá tiẹ̀ pè é, mi ò ní jẹ́ kó o fara gbá atẹ́gùn òkun.”

“Ẹ̀yin ẹ ṣáà gbádùn,” mo ní. “Màá rán èyí tẹ́nikẹ́ni níbẹ̀ ò ní gbàgbé.”

Ọjọ́ kejì ni Tíṣà gbé aṣọ funfun wá. Àbámẹ́ta yìí kan náà, òtẹ́ẹ̀lì yìí kan náà. Ó ní ọkùnrin náà ní ọ̀rọ̀ pàtàkì kan láti bá òun sọ níbẹ̀, ojú rẹ̀ sì ń dán bí ti ọmọ tó gbapò kìíní. Mo gé aṣọ méjèèjì lórí tábìlì kan. Àwa aránṣọ ní ìránṣọ kan tí à ń pè ní tákì: òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ojú abẹ́rẹ́ gígùn, tí a fi ń so aṣọ pọ̀ fúngbà díẹ̀ kí á tó fi máṣìnnì rán an. Bí o bá fà á, ó tán. Tákì ni mo fi rán gáùn Tíṣà láti abíyá dé ìdí. Mo fẹ́ kó wà níhòòhò lójú agbo.

Ó wá wọ̀ ọ́ wò ní Ọjọ́rú. Mo ní kó rọra o, pé mi ò tíì parí rẹ̀. Ó dúró níwájú dígí, kò wo ara rẹ̀.

“Màmá, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan, ẹ̀yin ni àgbà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó mú mi lọ síbi sàréè ìyàwó rẹ̀. Mi ò fẹ́ wọlé obìnrin tí mi ò kí. Mo fẹ́ dúró níbẹ̀ kí n sọ fún un pé mi ò wá gba ipò rẹ̀, màá tọ́jú àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ní ó jìnnà jù. Ṣé mo ṣe àṣejù ni?”

Abẹ́rẹ́ gún mi lọ́wọ́. Ọkọ mi kò wá síbi ìsìnkú mi rárá, àjèjì ló fẹ́ wá kí mi ní sàréè. “Ẹ ò ṣe àṣejù,” mo ní. “Ẹ máa rí i kí.”

Nígbà tó bọ́ gáùn náà sílẹ̀, mo tú gbogbo tákì ara rẹ̀, mo sì fi òwú tó le jù nínú ṣọ́ọ̀bù rán an lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí mo yọ lára rẹ̀, mo kó o lọ sára aṣọ ọkọ mi. Ìdí ṣòkòtò, tákì. Apá kóòtù méjèèjì, tákì. Mo lọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán. Lébẹ̀lì ló kù. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń ránṣọ, iṣẹ́ jákujàku kankan ò gba ọwọ́ mi jáde rí. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ kó mọ̀.

Àárọ̀ Àbámẹ́ta, ó wọ̀ ọ́, ó yí ara rẹ̀ wò níwájú dígí, ó lọ. Wákàtí kan lẹ́yìn rẹ̀ ni mo wọ bọ́ọ̀sì tèmi, mo ti lo oògùn mi. Atẹ́gùn òkun fẹ́ sí mi lójú bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀. Kò pa mí.

Ìta gbangba tó kọjú sí omi ni wọ́n ti ń jẹun, tábìlì bí ogún, èèyàn kún ibẹ̀. Kò sí àsè ilé-iṣẹ́ kankan. Tíṣà ló kọ́kọ́ rí mi, ó dìde fò.

“Ha! Màmá mi! Kí lẹ wá ṣe níbí? Ọ̀gá mi, ẹ wá wo ẹni tó ń rán gbogbo aṣọ mi. Mo ti ń pa á mọ́ fún yín láti ọjọ́ yìí, òun náà ló rán kóòtù yín!”

Ọkọ mi gbójú sókè. Fọ́ọ̀kì ń bẹ lẹ́nu rẹ̀, kò yọ ọ́.

“Ẹ kú ìgbádùn, sà,” mo ní. “Ṣé aṣọ náà ò fún yín?”

Tíṣà fa àga fún mi, mo jókòó sáàárín wọn, mo bu omi mu.

“Tíṣà sọ fún mi pé ẹ pàdánù ìyàwó yín, sà. Ẹ kú ara fẹ́raku. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni.”

“Ẹ… ẹ ṣé,” ó wí. Òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀.

“Ṣé ara rẹ̀ balẹ̀ kó tó kú? Ṣé ó bá yín sọ̀rọ̀? Níbo lẹ sin ín sí, sà?”

“Màmá,” Tíṣà rọra fọwọ́ kàn mí, “ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ náà máa ń dùn ún.”

“Ó yẹ kó dùn ún,” mo ní. Mo yíjú sí i, mo sì sọ ọ́ sókè kí àwọn tábìlì tó kù lè rí tiwọn gbọ́. “Tíṣà, ẹ ní ẹ fẹ́ lọ kí ìyàwó rẹ̀ ní sàréè. Ẹ má dààmú ara yín mọ́. Èmi nìyí. Ẹ kí mi.”

Obìnrin náà wò mí, ó wo ọkọ mi, ó tún wò mí. Mo rí i bó ṣe ń ṣe ìṣirò náà lójú, kò sì pẹ́ kó tó rí ìdáhùn. Ọkọ mi fò sókè pé kó di Tíṣà lápá mú, ìdí ṣòkòtò rẹ̀ bá là láti bẹ́líìtì dé itan. Ó na ọwọ́ ọ̀tún, apá kóòtù já bọ́ sínú àwo ọbẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì bo ìdí, tòsì náà tú. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà gbogbo ìta náà bú sẹ́rìn-ín, títí dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gbé oúnjẹ.

Tíṣà mú báàgì rẹ̀. Gáùn funfun náà ò rún, ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ kan kò tú. “Ẹ má bínú, Màmá,” ó wí, ó sì bá àtẹ̀gùn sọ̀ kalẹ̀ láìwẹ̀yìn. Mo fẹ́ láti sọ fún un pé mi ò bínú sí i, ṣùgbọ́n ó ti lọ.

Ọkọ mi fa aṣọ tábìlì mọ́ra, ó padà jókòó, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ó tẹ̀ sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀, bí ẹni pé ilé la wà, bí ẹni pé bọ́tìnnì rẹ̀ kan ló já.

“Ìyá wọn, jọ̀ọ́. Ṣé o ò ní abẹ́rẹ́ àti òwú nínú báàgì? Bá mi gán an pọ̀ díẹ̀ kí n lè jáde.”

Mo dìde, mo gbé báàgì mi kọ́ èjìká.

“Òkú kì í ránṣọ,” mo ní, mo sì lọ ti ẹsẹ̀ bọ iyanrìn.