Ọjọ́ Tí A Sún Ògiri Nínú Dísíìkì Bàbá Teyo

Ẹni tó bá mọ èmi Idalmis ní ìlú wa Placetas mọ̀ pé inú mi kì í pẹ́ gbóná. Ọdún mẹ́rìndínlógún rèé tí mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní pálọ̀ ilé mi. Tí ẹnikẹ́ni bá jókòó síwájú mi tó ní, "Idalmis, ṣáà yára ṣe é," màá ní kó gbé ẹrù rẹ̀ máa lọ sílé ìyá rẹ̀. Kánjúkánjú ti ba dísíìkì jẹ́ lójú mi ju bí omi òjò ṣe bà á jẹ́ lọ.

Lọ́jọ́bọ̀ kan, bí mo ṣe ń mu kọfí mi, Maidelis já wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó fi aṣọ ìnura di dísíìkì kan mọ́ àyà bí ọmọ tuntun. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni. Bàbá rẹ̀ àgbà, Bàbá Teyo, ń tẹ̀lé e bọ̀ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá. Ìwé kékeré kan àti bírò so mọ́ wọn lọ́rùn. Ibẹ̀ ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí dókítà ti gé ohun tó ń mú ohùn jáde kúrò lọ́fun wọn, ó di ọdún méjì.

Ẹ wá wò ó, ọ̀fun ta ni wọ́n gé! Bàbá Teyo ni baba gbogbo àwọn tó ń kọ orin onílà mẹ́wàá ní agbègbè wa. Akọrin méjì á dojú kọra, gìtá á máa dún, ẹni àkọ́kọ́ á fi ìlà mẹ́wàá bú èkejì, èkejì á fi ìlà mẹ́wàá fọ̀ ọ́ lẹ́nu lójú ẹsẹ̀, kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ti rí ọkùnrin bí-ọkùnrin tó sunkún lẹ́yìn tí Bàbá Teyo bú u tán.

"Àǹtí Idalmis, ọjọ́ Àbámẹ́ta ni o!" Maidelis ò tiẹ̀ kí mi. "Wọ́n ti gbà kí n kọrin ní ojúde ìlú! Ohùn Bàbá tó wà nínú dísíìkì yìí ni màá bá fà á. Màá tẹ ẹ̀rọ, Bàbá á bú mi, èmi náà á dá wọn lóhùn níwájú gbogbo ayé!"

"Káàárọ̀," ni mo fi dá a lóhùn.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ káàárọ̀, mà."

Bàbá Teyo kọ̀wé, wọ́n fi hàn mí: *Dárí jì í. Ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ.*

Ìṣòro wọn ò le yé. Wọ́n ti pín dísíìkì náà sí yàrá méjì láti ìbẹ̀rẹ̀. Yàrá iwájú fẹ̀ gan-an, ti Crispín ni, bàbá Maidelis, àna Bàbá Teyo. Ibẹ̀ ló ń gba pakẹ́ẹ̀tì sí, àkójọ eré ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń tà káàkiri ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, bí gbogbo wa ṣe ń gbà á, fíìmù, bọ́ọ̀lù, eré àwọn ará Tọ́kì. Tí tuntun bá ti dé, á pa gbogbo ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá rẹ́ láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá fi nǹkan gidi sínú yàrá yẹn ti sọ ọ́ nù. Yàrá ẹ̀yìn ni ohùn Bàbá Teyo wà, ọgbọ̀n ọdún orin. Ìjì ti kó gbogbo káṣẹ́ẹ̀tì wọn lọ, kò sí òmíràn níbikíbi. Yàrá náà sì ti kún dẹ́nu, Maidelis ò ríbi gé orin tó fẹ́ lò. Ó fẹ́ kí n sún ògiri síwájú kí yàrá Bàbá lè fẹ̀.

"Ẹ̀dà rẹ̀ dà?" ni mo bi í.

"Ẹ̀dà kẹ̀? Ẹ ṣáà yára…"

"Maidelis!"

"Mà."

"Mi ò ní fọwọ́ kan ohùn bàbá rẹ àgbà láìjẹ́ pé ẹ̀dà rẹ̀ wà níbòmíì. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n pa mí ní Placetas ni?"

Àmọ́ níbo la fẹ́ kó o sí? Dísíìkì tèmi kún, ti gbogbo àdúgbò kún. Nieves, ìyàwó ilé kejì, tó ti gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ láti ojú fèrèsé, ló lọ figbe bọnu lójú títì: "Ẹ gbé fílááṣì yín wá o! Ohùn Bàbá Teyo ń wá ibi tó máa sùn!" Háà, inú mi dùn! Ká tó ṣẹ́jú pẹ́, pálọ̀ mi ti kún. Kálukú bọ́ fílááṣì kúrò lọ́rùn, kálukú ń jà lórí ohun tó máa pa rẹ́.

Nieves ń sunkún gidi. "Apá tó kẹ́yìn eré Tọ́kì mi nìyí, Idalmis. Mi ò tíì mọ̀ bóyá ọkùnrin yẹn máa fẹ́ ẹ."

Bàbá Teyo kọ ọ́: *Kò ní fẹ́ ẹ.* Ilé hó yèè.

Mo pín orin sínú fílááṣì mẹ́sàn-án, mo lẹ orúkọ mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Crispín ló gbé tiẹ̀ dé kẹ́yìn. Inú tiẹ̀ ni mo kó alẹ́ tí Bàbá Teyo fi orin bá Onelio, akọrin ará Cabaiguán, jà fún wákàtí méjì sí, òun gan-an ni Maidelis fẹ́ lò ní Àbámẹ́ta. Ẹ̀bi mi ni pé ẹyọ kan péré ni mo ṣe nínú rẹ̀. Níbí yìí, kò sẹ́ni tó ń fi fílááṣì sílé onílé. Kálukú gbé tiẹ̀ kọ́rùn padà, wọ́n túká.

Mo kọ́kọ́ ní kí ẹ̀rọ yẹ dísíìkì wò bóyá ibì kan ti bàjẹ́. Kò sí. Mo gé yàrá Crispín kúrú láti ìdí, ìyẹn ò pẹ́ rárá. Èyí tó kù gan-an lèèyàn ń bẹ̀rù. Kì í ṣe ògiri nìkan là ń sún, gbogbo ẹrù yàrá ẹ̀yìn la ń kó síwájú, ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Tí iṣẹ́ bá dá dúró lágbedeméjì, yàrá àtijọ́ ti tú, tuntun ò tíì dúró. Ìwé ilé-iṣẹ́ iná ní iná àdúgbò wa ò ní lọ títí di agogo mẹ́fà. Bátìrì láptọ́ọ̀pù mi ti kú tipẹ́, nítorí náà mo so ó mọ́ bátìrì alùpùpù oníná Nieves, bí ìwé bá parọ́ lọ́nàkọnà.

Ìwé parọ́. Agogo mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, fáànù dúró, gbogbo àdúgbò kígbe lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ó ṣì ń ṣiṣẹ́!" Maidelis fò sókè. Lóòótọ́ ni, bátìrì ti gbà á. A rọ̀ mọ́ ojú ẹ̀rọ. Ẹrù tí a ti kó di ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, ó di àádọ́rin. A ń kà á sókè bí ẹni ń wo ìdíje eré sísá. Ní ọgọ́rin ni bátìrì bẹ̀rẹ̀ sí í ké píì, píì.

"Nieves, ìgbà wo lo ti fún bátìrì yìí níná?"

"Mo… mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi láàárọ̀."

"Ṣé Santa Clara tó jìnnà yẹn?"

"Idalmis, má bínú."

Ó di àádọ́rùn-ún. Ó di mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Ojú ẹ̀rọ ṣú. Bàbá Teyo gbé ọwọ́ lé ọ̀fun wọn, mi ò lè wo ojú wọn.

Iná padà dé ní agogo márùn-ún. Mo so dísíìkì náà. Ohun tí kọ̀ǹpútà bi mí ni pé: ṣé kí n nu gbogbo rẹ̀ nù kí n bẹ̀rẹ̀ ọ̀tun? "Má tẹ nǹkan kan!" ni mo pariwo mọ́ Maidelis, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò tiẹ̀ sún mọ́ ọn. Mo yọ ọ́ jẹ́jẹ́, mo sì ránṣẹ́ pe àwọn onífílááṣì.

Bí wọ́n ṣe ń dé ni ọkàn mi ń padà sípò. Fílááṣì kan, ọdún mẹ́ta orin, ó pé! Òmíràn, ó pé! Nieves gbé tiẹ̀ lé mi lọ́wọ́ bí ẹni ń gbé ẹyin, ó pé! Maidelis ń jó kiri pálọ̀. Mẹ́jọ ti pé, ó ku ẹyọ kan ṣoṣo. Ìgbà yẹn ni Crispín wọlé, ó ń fi fílááṣì rẹ̀ yí ìka bí òrùka kọ́kọ́rọ́.

"Ẹ bá mi yọ̀ o! Mo ti gba ti ọ̀sẹ̀ yìí! Gbogbo ìdíje bọ́ọ̀lù ló wà níbẹ̀!"

Maidelis dá ijó dúró.

"Crispín," ni mo wí, "níbo lo gbà á sí?"

Ó wo fílááṣì. Ó wò wá. "Mo rò pé ẹ ti ṣe tán. Ọjọ́bọ̀ kọ́ nìyí?"

Ká sọ òótọ́, mo fẹ́ gbá a létí. Kò mọ̀ọ́mọ̀, Ọjọ́bọ̀ dé, ó pa ti àtẹ̀yìnwá rẹ́ bó ṣe máa ń ṣe. Mo gba fílááṣì náà, mo wá ohun tó pa rẹ́ nínú rẹ̀ lórí, nísàlẹ̀. Bọ́ọ̀lù ti gorí gbogbo rẹ̀. Kìkì ègé orin kan ló ṣẹ́kù. Mo tẹ̀ ẹ́, ohùn Bàbá Teyo sì jáde, ohùn ọkùnrin tó ń gbọ̀n ilé:

*Onelio, ọ̀nà jíjìn lo ti wá,*
*O gbé gìtá tuntun dání,*
*Àmọ́ orin tó wà lẹ́nu rẹ*
*Ti gbó ju bàtà…*

Ó gé. Maidelis bú sẹ́kún. "Ó tán. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ti tán. Ta ni màá bá kọ ọ́?"

Bàbá Teyo fi ọ̀pá lu ilẹ̀ gbà! Gbogbo wa yíjú. Wọ́n ti ń kọ̀wé, wọ́n ń kọ ọ́ wàràwàrà, bírò fẹ́rẹ̀ẹ́ ya ìwé. Wọ́n já ewé náà, wọ́n sì nà án sí Crispín.

"Kí n kà á ni?" Bàbá Teyo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. "Kí n kọ ọ́ lórin?" Wọ́n tún mi orí gan-an.

Crispín wúkọ́. Ohùn rẹ̀ ò tiẹ̀ burú. Ó mú un láti ibi tí ó ti gé:

*…Ju bàtà àna mi Crispín lọ,*
*Ọ̀dẹ̀ tó fi ohùn mi gba bọ́ọ̀lù.*
*Ọ̀bẹ dókítà ò pa orin mi,*
*Fílááṣì wo ló fẹ́ pa á?*
*Maidelis, dìde, dá mi lóhùn,*
*Mo ṣì wà níbí, mo ń dúró.*

Ẹnu ya gbogbo wa. Alẹ́ Onelio kọ́ nìyẹn, tuntun ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ hun ún lójú wa. Ọdún méjì ni a ti ń tọ́jú dísíìkì yẹn bí ẹni pé ibẹ̀ ni ọkùnrin náà ń gbé, ọkùnrin náà sì jókòó sáàárín wa, kò sẹ́ni tó béèrè orin lọ́wọ́ rẹ̀.

Maidelis nu imú. Ó dìde. Ó di ìbàdí mú, ó sì gbá ìlà mẹ́wàá jáde nípa arúgbó kan tó gun orí àna rẹ̀ bí ẹṣin torí pé ẹsẹ̀ tirẹ̀ ń dùn ún. Nieves ń lu tábìlì, àwọn ọmọ títì ti gun fèrèsé, omi ń dà lójú èmi náà, mi ò sì tijú. Bàbá Teyo rẹ́rìn-ín tí èjìká wọn ń mì, wọ́n sì ti já ewé kejì.

"Ẹ̀mí mi o!" ni Crispín wí nígbà tó wo ohun tó wà nínú rẹ̀. "Bàbá, ṣé èmi náà ni màá tún kọ èyí?"

"Kọ ọ́!" ni gbogbo ilé pariwo. Mo ti tẹ fóònù mi kó máa gbà wọ́n sílẹ̀, mo sì ti lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, torí ẹnikẹ́ni ò ní jáde títí màá fi ṣe ẹ̀dà rẹ̀ mẹ́ta.