Ìdìmú Ọ̀bẹ Àbúrò Mi

Ilé kan náà ni èmi àti àbúrò mi ń gbé, yàrá iṣẹ́ wa sì fara kan ara wọn. Oníkálukú ló ní léètì tirẹ̀, ẹ̀rọ tó ń yí irin kí ọ̀bẹ lè gbẹ́ ẹ. Èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́. Ọwọ́ mi ló ti mọ bí a ṣe ń ki pelebe páànù sábẹ́ ọ̀bẹ títí ẹnu rẹ̀ yóò fi bá àárín irin dọ́gba. Bí o bá pààrọ̀ ọ̀bẹ, o tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá mi ṣe kọ́ èmi náà.

Àfi bí àbúrò mi ṣe lọ ṣe ìdìmú tuntun, irin tó ń di ọ̀bẹ mú lórí ẹ̀rọ. Ọ̀bẹ kọ̀ọ̀kan ní ilé tirẹ̀. Yóò fa ọ̀kan yọ, yóò ti òmíràn bọ̀ ọ́, gbogbo wọn yóò sì bá àárín mu láìsí páànù kankan. Ìyàwó mi ló mú ìròyìn náà wá. Ó ní, "Olówó orí mi, àbúrò yín á parí iṣẹ́ mẹ́rin kí ẹ tó gé páànù tán." Ó wá rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì gbàgbé ẹ̀rín yẹn.

Mi ò bi àbúrò mi bó ṣe ṣe é. Èjìká kì í ga ju orí lọ. Lọ́jọ́ kan tó jáde, mo wọ yàrá iṣẹ́ rẹ̀, mo wọn ìdìmú náà níbùú lóròó. Mi ò parí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwọ̀n kì í ṣì mí lọ́wọ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi gbẹ́ tèmi.

Onípọ́ǹpù omi kan, oníbàárà mi láti ọdún mẹ́rìnlá, ló ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo fi ìdìmú náà ṣe. Ó gbé ọ̀pá irin wá, ó ní òun máa dúró gbà á. Ọ̀bẹ kò gé irin, ńṣe ló ń ha á, ó ń ké bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Mo pọ́n ọ̀bẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Èéfín ló ń rú.

Àbúrò mi yọjú. Ó wo ìdìmú náà lẹ́ẹ̀kan, ó sì rọra sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ara ẹ̀rọ tèmi lẹ ti wọn èyí. Àárín tiyín rẹlẹ̀ ju tèmi lọ díẹ̀, ìyẹn ni ọ̀bẹ yín fi ga jù. Ẹ jẹ́ kí n bá yín fá a wálẹ̀."

"Ta ló sọ fún ọ pé mo wọn nǹkan rẹ?"

"Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi ń gbọ́ bí fáìlì yín ṣe ń ha irin. Mò ń retí kí ẹ wá béèrè ni."

Ó mọ̀, ó sì dákẹ́. Mo ní kó máa lọ. Onípọ́ǹpù wo ojú mi, ó wo ojú rẹ̀, ó gbé irin rẹ̀. Ó ní kí n má bínú, àwọn èèyàn ń dúró de omi. Ó tẹ̀ lé àbúrò mi lọ.

Nígbà tó ku èmi nìkan, mo fá ìsàlẹ̀ ìdìmú náà, kò ju ìbú irun lọ. Mo gbé àlòkù irin kan sẹ́nu ẹ̀rọ. Ọ̀bẹ wọ̀ ọ́ wẹ́rẹ́, kò ké rárá. Mo sáré pa ẹ̀rọ, kí àbúrò mi má baà gbọ́ pé ó ti ń gé.