Ife Kọfí Taisto

Ọdún mẹ́sàn-án ni Ẹ̀gbọ́n Raili fi ń po oògùn kan ṣoṣo. Tí wọ́n bá gún un síni lára, á gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ẹran ọkàn, á lẹ̀ mọ́ mitokọ́ńdíríà, àwọn ààrò kéékèèké tó ń sọ oúnjẹ di agbára. Á wá máa tànṣán níbẹ̀, kí ẹ̀rọ ayàwòrán tí mò ń darí lè rí ààrò tó ń jó àti èyí tó ti kú. Ara ẹlẹ́dẹ̀ la ti ń dán an wò. Ọjọ́rú yẹn la fẹ́ kọ́kọ́ dán an wò lára èèyàn, Ẹ̀gbọ́n á sì fẹ̀yìn tì lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹni tó máa gbapò rẹ̀ ti ní òun ò bá iṣẹ́ náà lọ, àfi tó bá rí àwòrán.

Taisto, ọ̀gákọ̀ ojú omi tó ti fẹ̀yìn tì, ló yọ̀ǹda ara rẹ̀. A ti kọ̀wé sí i pé kó má fẹnu kan kọfí láti àná, torí kọfí kì í jẹ́ kí abẹ́rẹ́ tó ń mú ọkàn sáré, tí a máa gún un kí a tó ya àwòrán, ràn.

Ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, mo wọ yàrá àlejò, mo bá ife òfìfo níwájú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ló di ìkòkò kọfí mú.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fún wọn mu?"

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ní ìlú Turku níbí, kí àlejò tó jókòó tán, kọfí ti dé. Ọwọ́ ló ṣe é, kò bi orí.

"Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe ara mi," ló wí.

Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Oògùn ti wà nínú àpótí òjé, kí wákàtí méjì sì tó pé, ìdajì rẹ̀ á ti ṣòfò. Ẹ̀gbọ́n jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú bọ́tìnì aṣọ funfun tó fi ń ṣiṣẹ́.

Taisto wúkọ́. "Ẹ má bínú o. Mi ò mu ún."

"Bàbá, ife yín ti gbẹ."

"Mo ka ìwé yín. Àmọ́ ìyáàfin bu kọfí fún mi, ṣé kí n wá kọ̀ ọ́ lójú wọn ni? Ìyá mi ò kọ́ mi bẹ́ẹ̀." Ó tọ́ka sí òdòdó ojú fèrèsé. "Òun ló mu ún."

Mo ki ìka bọ iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀. Ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ de bọ́tìnì yín padà."

Nígbà tó máa fi di aago mọ́kànlá, ọkàn Taisto ti yọ lójú ẹ̀rọ, ó mọ́lẹ̀ yí ká. Omi ń bọ́ lójú Ẹ̀gbọ́n, kò sì nù ún. Inú mi dùn fún un ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Nígbà tí Taisto wọ bàtà tán, Ẹ̀gbọ́n tún bu kọfí fún un. Lọ́tẹ̀ yìí, ó fara dí òdòdó náà títí bàbá fi mu ún tán.