Ègé Olórí Ilé

Ẹ má bi mí ní ọ̀rọ̀ àwọn àbúrò mi méjèèjì lọ́jọ́ tí inú bá ń bí mi, torí n óò bú wọn délẹ̀. Ṣùgbọ́n inú mi dùn lónìí, ẹ jókòó kí n sọ ọ́.

Èmi Kinue ni àkọ́bí Tatsue, ìyá wa. Eisaku, àgbà ọkùnrin, ló tẹ̀ lé mi, Morio sì ni àbígbẹ̀yìn. Ní ìlú Murakami wa níbí, tí ìgbà ìwọ́wé bá dé, tí ẹja sámọ́ọ̀nù bá ti inú òkun padà wọ odò Miomote, ẹja yìí la ó máa jẹ, òun la ó fi iyọ̀ pa, òun la ó so rọ̀ sábẹ́ òrùlé títí ọdún á fi parí. Lálẹ́ ọjọ́ tí ọdún bá ń parí, ègé kan wà tí kì í ṣe ti gbogbo ayé: èyí tó wà lẹ́yìn orí gan-an, tí lẹbẹ àkọ́kọ́ wà lára rẹ̀. A ó kọ́kọ́ gbé e síwájú àwọn òkú ilé, lẹ́yìn náà a ó gbé e fún olórí ilé. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ ni olórí. Ó parí.

Ègé yìí ló da ilé wa rú. Lọ́dún tí bàbá wa kú, Eisaku ti pẹ́ ní Niigata níbi tó ti ń wa ọkọ̀ akẹ́rù. Morio ló wà nílé tó ń bá bàbá fa àwọ̀n. Nígbà tí ọdún parí, tí Eisaku wá sílé, Màmá mú ègé náà, ó gbé e síwájú Morio. Eisaku wo àwo, ó wo Màmá, ó dìde, ó wọ bàtà, ó bọ́ sínú yìnyín. Kò tilẹ̀ mu ọbẹ̀. Nígbà tó yá ó kó padà wá sílùú, àmọ́ òdìkejì odò ló gba ilé sí. Ọdún mẹ́ta gbáko, wọn ò kí ara wọn. Bí wọ́n bá pàdé lórí afárá, ọ̀kan á máa wo omi, èkejì á máa wo ojú ọ̀run. Àgbàyà méjì!

Màmá náà bá lóun ò jẹ ẹja odò mọ́. Ó ní ẹja ló fọ́ ilé òun. Mo rò pé ìbínú lásán ni, pé á rọlẹ̀. Kò rọlẹ̀. Nígbà tó di ìgbà ìwọ́wé ọdún yìí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìrẹsì náà sílẹ̀. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò títí, ó ní òun ò rí àìsàn kankan. Ọwọ́ rẹ̀ ti wá tín-ín-rín débi pé ẹ̀rù ń bà mí láti dì í mú. Mo bẹ̀ ẹ́, mo jágbe mọ́ ọn, mo sunkún.

Ó wá ní, "Kinue, ẹja tí àwọn ọmọkùnrin mi méjèèjì bá jọ mú ni n óò jẹ. Tí kò bá sí i, fi mí sílẹ̀ kí n sinmi."

Mo kọjá sí òdìkejì odò lójú ẹsẹ̀. Eisaku ń tún bàtà òjò rẹ̀ ṣe.

"Lọ́la, ìwọ àti Morio lẹ jọ máa fa àwọ̀n," mo wí.

"Èmi àti ta ni?"

"O gbọ́ mi. Màmá ń kú lọ. Ṣé ìgbà tí a bá ń sin ín lo fẹ́ wá bá mi jókòó kí o máa sunkún èké?"

Mo padà sọ́dọ̀ Morio, mo sọ bákan náà fún un, mo tún fi èébú díẹ̀ kún un torí òun ni àbúrò.

Bí a ṣe ń pa ẹja yìí nìyí: ọkọ̀ méjì á máa bá omi sọ̀kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n á ta àwọ̀n sáàárín. Ọkọ̀ kẹta á máa fi ọ̀pá lu omi, kí ẹja lè sá wọnú àwọ̀n. Lọ́jọ́ kejì, èmi ni mo wa ọkọ̀ kẹta. Eisaku di etí àwọ̀n kan mú, Morio di èkejì. Àwọ̀n bàbá wa ni, èyí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun. Ẹ wá wo ọlọ́kọ̀ méjì tó ń fa àwọ̀n kan ṣoṣo tí wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀!

"Àǹtí Kinue," Morio pariwo, "ẹ bá mi sọ fún ẹni yẹn kó rọra, ó ń yá jù."

"Sọ fún un pé mo gbọ́," ni Eisaku wí.

"Ó ní òun gbọ́!" mo lọgun. "Ṣé kí n tún bá yín mí ni?"

Mo lu omi. Mo lù ú bí ẹni ń lu àwọn méjèèjì. Lójijì àwọ̀n fà, okùn le gan-gan, ẹ̀yìn ẹja ń tàn lábẹ́ omi lọ́tùn-ún lósì. Mi ò rí irú rẹ̀ láti ìgbà tí bàbá ti kú. "Ẹ sún mọ́ra! Ẹ sún mọ́ra!" Ọkọ̀ méjèèjì kan ara wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Èmi ti ń rẹ́rìn-ín, mo ti ń rí Màmá tó ń jẹun.

Ibẹ̀ ni Eisaku ti yọ̀. Ó ṣubú sómi gbàmù, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì há sínú àwọ̀n. Gbogbo ẹja yẹn ń fa àwọ̀n lọ sísàlẹ̀, wọ́n ń fa òun náà lọ. Mo rí orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mi ò rí i mọ́. Mo pariwo, àmọ́ mi ò mọ ohun tí mo wí.

Kò sí ọmọ odò tó ń jọ̀wọ́ àwọ̀n tó kún. Àtikékeré ni wọ́n ti ń fi kọ́ wa: ọwọ́ lè bó, àwọ̀n ò gbọdọ̀ lọ. Morio fa ọ̀bẹ yọ. Ó gé àwọ̀n bàbá wa láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ẹni ń ya àkísà. Gbogbo ẹja jáde, wọ́n lọ. Ó ki ọwọ́ bọ omi dé èjìká, ó di ọrùn ẹ̀wù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú, ó wọ́ ọ sínú ọkọ̀.

Eisaku wúkọ́, ó pọ omi, ojú rẹ̀ funfun. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá àbúrò rẹ̀ sọ láti ọdún mẹ́ta:

"O gé àwọ̀n bàbá!"

"Ṣé ẹsẹ̀ yín ni kí n gé ni?" Morio jágbe. "Orí yín ò pé ni? Ta ló ń wọ irú bàtà tó ń yọ̀ yẹn wọ ọkọ̀?"

"Bàtà mi lo ń bú? Ìwọ tí o fẹ́ fa apá mi já?"

Wọ́n ń bú ara wọn, ara wọn ń gbọ̀n, Morio ń bọ́ ẹ̀wù òtútù tirẹ̀ wọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò sì dákẹ́ èébú. Àwọn àgbà ní bí ọmọ ìyá méjì bá wọ yàrá tí wọ́n fi ẹ̀rín jáde, wọn ò sọ òótọ́ fúnra wọn. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ wàyí. Èmi jókòó sínú ọkọ̀ tèmi, mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín.

Ìgbà tí a dé èbúté la tó rí i. Àkísà àwọ̀n tó ṣẹ́ kù ṣì wé mọ́ ẹsẹ̀ Eisaku, ẹja kan sì há sínú rẹ̀, akọ ńlá tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ, tó ń jà fitafita.

A gbé e délé. Màmá wà lórí ibùsùn rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná.

"Mélòó lẹ pa?"

"Ẹyọ kan, Màmá."

"Ta ló mú un?"

Eisaku ní, "Morio ni." Morio ní, "Bùrọ̀dá ni." Ẹnu wọn jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Màmá ní kí wọ́n lọ bọ́ aṣọ tútù.

Eisaku ló la ẹja, ó sì fi àárín ikùn rẹ̀ sílẹ̀ láìlà, bí a ti máa ń ṣe. Ìlú jagunjagun ni ìlú wa láyé àtijọ́, níbi tí ẹni tó bá tẹ́ ti máa ń la ikùn ara rẹ̀ kú, ọ̀rọ̀ kí a la ikùn délẹ̀ kì í tu ẹnikẹ́ni lára níbí. Èmi gé e sí ègé ńláńlá, mo sè é nínú omi míso, ẹ̀wà gígún wa tí a fi iyọ̀ pa mọ́ kó kan yẹn, títí òórùn rẹ̀ fi gba ilé kan. Ègé olórí ilé nìkan ni mo fi iyọ̀ pa, tí mo yan lórí èédú. Màmá ló ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ò mọ̀ bóyá òun á rí ìparí ọdún.

Mo gbé ègé náà síwájú àwòrán bàbá. A foríbalẹ̀. Mo gbé e kúrò níbẹ̀, mo gbé e fún Màmá kó fún ẹni tó bá wù ú. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù tún bà mí. Mo sọ sínú pé, Kinue, o ti tún dá ogun mìíràn sílẹ̀.

"Màmá, ẹ fún Morio," ni Eisaku wí. "Òun ló fà mí yọ."

"Rárá o, ẹ fún Bùrọ̀dá," ni Morio wí. "Àwọn ni àgbà."

"Mo ní òun ni!"

"Èmi ò jẹ ẹ́!"

Màmá fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó fi ń jẹun lu àwo, kàn!

"Ta ló kú nínú ilé yìí?"

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. "Bàbá ni, Màmá."

"Ṣé èmi náà ti kú?"

Ó nàka sí ara rẹ̀.

"Èmi ni mo kọ́kọ́ ṣìṣe, tí mo gbé e fún ọmọ nígbà tí mo ṣì wà láyé. Ẹ̀yin náà wá ń jà sí i. Ọdún mẹ́ta lẹ fi ń pín ogún mi lójú mi."

Ó fi igi ìjẹun mú ègé olórí ilé, ó fi í sẹ́nu ara rẹ̀. Ó jẹ ẹ́. Ó já awọ rẹ̀ jẹ, ó fa lẹbẹ rẹ̀ lá, ó to egungun rẹ̀ sí etí àwo. Ara tù mí, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Màmá nu ẹnu.

"Iyọ̀ rẹ̀ kéré. Ìwọ lo yan án, àbí?"

"Èmi ni, Màmá."

"Mo mọ̀," ló wí, ó sì na àwo sí mi. "Bu ìrẹsì sí i."