Àlejò ní Abúlé Gafar

Àwọn tó ń gbé lẹ́yìn Ìkòsí lónìí rò pé katakata ló dá ibẹ̀ sílẹ̀. Irọ́ ni. Gafar, bàbá bàbá mi, ló dá a sílẹ̀, pẹ̀lú àdá kan àti ìyàwó tó lóyún. Igbó kìjikìji ni wọ́n bá níbẹ̀. Wọ́n ṣán an, wọ́n gbin ẹ̀gẹ́, wọ́n sì fi amọ̀ kọ́lé. Nígbà tí àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í dé, wọn ò ta ilẹ̀ fún ẹnì kankan. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fún wọn. Wọ́n ní ilẹ̀ tí èèyàn bá dá gbé, ẹranko ló máa bá a gbé e. Báyìí ni Abúlé Gafar ṣe kún, títí ó fi ní mọ́ṣáláṣí àti ọjà alẹ́ tirẹ̀.

Ìwà yẹn ni bàbá mi, Mọ́nsúrù, jogún, òun náà ló sì kó bá wa. Nígbà tí àwọn awọnlẹ̀ dé, bàbá mi ò bi wọ́n ní iṣẹ́ tí wọ́n wá ṣe, torí a kì í bi àlejò ní ọ̀rọ̀ kó tó jẹun. Bàbá mi rò pé títì tí a ti ń bẹ̀bẹ̀ fún ni àwọn èèyàn náà fẹ́ là. Bàbá mi pa àkùkọ fún wọn. Wọ́n tún kó àwọn ọ̀dọ́ abúlé jáde láti bá wọn ṣán igbó. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́: àdá wa la fi lànà fún àwọn tó wá lé wa! Kò pẹ́ tí katakata fi dé, tó wó gbogbo ilé wa palẹ̀. Onílẹ̀ wá di ayálégbé ní Ajégúnlẹ̀, níbi tí omi ti ń wọ yàrá lọ́dọọdún, èmi sì di aláta ní Mile 12.

Lọ́dún 2005, dókítà sọ pé ojú bàbá mi méjèèjì ń lọ, kò sì sóhun tí òun lè ṣe sí i.

"Ajarat," ni bàbá mi wí, "mú mi lọ síbi sàréè bàbá mi kí ojú yìí tó fọ́."

Géètì gàgàrà kan la bá lẹ́nu ọ̀nà abúlé wa àtijọ́. Máígádì dá wa dúró. "Ta lẹ wá kí?"

"Bàbá mi. Gafar lorúkọ wọn."

"Nọ́ńbà ilé wọn ńkọ́?"

"Wọn ò ní nọ́ńbà. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ débí."

"Bàbá, ẹ má bínú o. Kò sí Gafar nínú estate yìí."

Mo gbaná jẹ. Ariwo mi ló mú kí obìnrin kan tó ń wa mọ́tò wọlé dúró. Adéníkẹ́ lorúkọ rẹ̀. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ wa tán.

"Sàréè kan wà ní backyard wa," ló wí. "A ò jẹ́ kí builder fọwọ́ kàn án. Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ."

Ọmọlúàbí èèyàn ni, ìyẹn gan-an ló sì dùn mí jù, torí mi ò rí ẹni bá jà mọ́. Nígbà tí a délé rẹ̀, ó kúnlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀ sà. Kí la máa fi ṣe yín lálejò?"

Bàbá mi dúró gbagidi. Ẹnì kankan ò bi wọ́n bẹ́ẹ̀ rí lórí ilẹ̀ yẹn. Mo ń retí kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà ṣe fún un, pé òun gan-an ni àlejò.

"Omi tútù náà ti tó, ọmọ mi," ni wọ́n wí. "Ẹ ṣeun."

Wọ́n mu ún. Mo dì wọ́n lọ́wọ́ mú dé ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ wá ilẹ̀ sàréè náà kàn, omijé sì ń dà lójú wọn.

"Bàbá, Mọ́nsúrù ni. Ẹ forí jì mí. Àlejò ni mo wá ṣe."